Ahun odò kan ṣoṣo nínú báàfù: ṣé kí n ra èkejì fún un?

Ìyá Ayọ̀, Kúbwà · Àbámẹ́ta, 7:10 àárọ̀

Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn kíákíá ni mo ń wá, torí ọmọ mi ti wọṣọ, ó ní kí n mú òun lọ sọ́jà lónìí.

Ó lé ní ọdún méjì tí a ti ní ahun odò kan nílé. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ló ń tọ́jú rẹ̀. Kókó ló sọ ọ́. Ọwọ́ ẹnì kan tó ń ta ẹja lẹ́bàá ọ̀nà la ti rà á, nígbà náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Ní báyìí ó ti fẹ̀ tó àwo ọbẹ̀. Inú báàfù oníke ló ń gbé, nínú kíṣìnì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìjì.

Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìwà rẹ̀ ti yí padà. Kò jẹun dáadáa mọ́. Ẹja tí ó máa ń já gbà lọ́wọ́ wa tẹ́lẹ̀, yóò kàn wò ó ni. Láti àárọ̀ dalẹ́ ló ń fi èékánná ha ara báàfù, kódà lóru a máa ń gbọ́ ọ láti yàrá. Aládùúgbò wa wá ní ìdáwà ló ń bá a jà, pé àárò ẹlẹgbẹ́ ló ń sọ ọ́. Ọmọ mi gbọ́, ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ó ní nínú gbogbo àlọ́ tí ìyá mi pa fún òun, Ìjàpá ní Yánníbo, kí ló dé tí Kókó ò fi ní ẹnì kankan? Ó ti fọ́ kóló rẹ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà ló bá níbẹ̀. Ẹni tó ń ta òmíràn wà ní ọ̀nà Dẹ́ì-Dẹ́ì.

Ṣé kí n rà á? Ṣé lóòótọ́ ni ahun ń fẹ́ ẹlẹgbẹ́, àbí dídá wà tẹ́ ẹ lọ́rùn?

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Jọs · 7:32 àárọ̀

Ẹ rà á, ìyá wa. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Èmi ní méjì, ó ti pé ọdún mẹ́rin tí wọ́n jọ ń gbé nínú tánkì sìmẹ́ǹtì tí mo mọ sẹ́yìn ilé. Mi ò rí ìjà wọn rí. Òkúta kan ṣoṣo ló wà láàárín omi, wọ́n sì jọ ń lò ó. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ sunkún lórí ohun tí ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ lè yanjú.

Àǹtí Bísí, Lugbe · 7:40 àárọ̀

Ẹ má tíì lọ sọ́jà o. Ẹ dúró kí àwọn tó ti tọ́ ọ rí dáhùn. Èyí tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà lè ti ní àìsàn lára, yóò wá kó o ran èyí tó wà nílé.

Akin, Gwarinpa · 8:25 àárọ̀

Màmá, ẹ káàárọ̀ mà. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Jọs, ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí kò jẹ́ kí n dákẹ́.

Lọ́jọ́ kan náà ni mo ra méjì, irú tí wọ́n ń pè ní red-eared slider, tó ní ilà pupa lẹ́bàá etí, tí ìran wọn wá láti Amẹ́ríkà. Wọn ò ju ọmọrí agolo mílíìkì lọ nígbà náà. Fún odidi ọdún kan, ayọ̀ ni. Tí wọ́n bá ń yá oòrùn, ọ̀kan a gun ẹ̀yìn èkejì. Mo ya fọ́tò wọn, mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí, mo ní ẹ wá wo ìfẹ́. Ọ̀kan tún máa ń wá síwájú èkejì nínú omi, a na ọwọ́ méjèèjì, a máa fi èékánná gígùn gbọ̀n síi lójú. Eré ni mo pè é.

Ẹ̀yìn ìgbà tí nǹkan bàjẹ́ ni mo tó mọ ohun tí mò ń wò. Èyí tó ń gun ẹ̀yìn èkejì ń gba oòrùn mọ́ ọn lọ́wọ́ ni. Èyí tó ń gbọ̀n èékánná, akọ ni, abo ló ń wá, èkejì sì ń sá fún un láti àárọ̀ dalẹ́ nínú gíláàsì tí kò ní kọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, kékeré náà kò gòkè mọ́ àfi tí ilẹ̀ bá ṣú. Mo rò pé ojú ló ń tì í. Lọ́jọ́ kan mo jí, mo rí i pé ìdajì ìrù rẹ̀ ti lọ, omi ti pọ́n. Mo yà wọ́n sọ́tọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, ṣùgbọ́n ojú egbò ti jẹrà. Ọjọ́ kẹsàn-án ló kú.

Èyí tó kù ti dá wà fún ọdún mẹ́ta báyìí. Ó ń jẹun, ó ń wẹ̀, tó bá rí mi a sáré wá síbi gíláàsì. N ò rí àmì kan rí pé ó ń wá èkejì.

Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á.

Dókítà Ẹranko, Zaria · 9:02 àárọ̀

Ìyá Ayọ̀, kí a tó sọ̀rọ̀ ẹlẹgbẹ́, ẹ bá mi wo nǹkan mélòó kan. Tí Kókó bá fẹ́ fi orí pamọ́, ṣé ó máa ń fà á wọlé tààrà ni, àbí ó máa ń ṣẹ́ ọrùn sí ẹ̀gbẹ́ kan? Lábẹ́ àyà rẹ̀, ṣé ibì kan wà tó máa ń ká bí ilẹ̀kùn láti fi dí iwájú? Kí ló wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀? Báwo ni ìrù rẹ̀ ṣe gùn tó? Ẹ fi tépù wọn báàfù náà àti igbá ẹ̀yìn rẹ̀. Tí ẹ bá ní tamọ́mítà èyíkéyìí nílé, ẹ tì í bọ omi náà láàárọ̀. Lákòótán, ìgbà wo ló rí oòrùn gbẹ̀yìn?

Ìyá Ayọ̀, Kúbwà · 10:15 àárọ̀

Ẹ ṣé gan-an, Dókítà. Ayọ̀ ló bá mi wọ̀n ọ́n, ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé.

Ẹ̀gbẹ́ ló máa ń ṣẹ́ ọrùn sí, a wá fi orí há abẹ́ etí igbá rẹ̀. Kò sí ilẹ̀kùn kankan lábẹ́ rẹ̀. Okùn ẹran tínínntín méjì wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ bí irùngbọ̀n. Ìrù rẹ̀ nípọn, ó gùn tó ìka àárín mi. Igbá ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 17, báàfù náà 55. Omi jẹ́ 19 lórí tamọ́mítà láàárọ̀ yìí. Oòrùn tí ó ń rí ni èyí tó ń gba ojú fèrèsé kíṣìnì wọlé. Kò sí òkúta níbẹ̀, omi nìkan ni.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Jọs · 10:31 àárọ̀

Àbúrò Akin, mo kẹ́dùn èyí tó kú. Ṣùgbọ́n gíláàsì kékeré nínú yàrá kọ́ ni tánkì tí mo mọ. Tèmi gùn ní mítà méjì ààbọ̀. Má fi ti ilé rẹ díwọ̀n ti gbogbo ènìyàn. Ọdún mẹ́rin kì í ṣe ọjọ́ mẹ́rin.

Dókítà Ẹranko, Zaria · 11:20 àárọ̀

Ìyá Ayọ̀, ẹ sọ fún ọmọ wa kó nu ojú. Kì í ṣe ìdáwà ló ń ṣe Kókó. Òtútù ló ń mú un, ibi tó ń gbé sì ti há jù fún un.

Ọrùn tó ń ṣẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, àìsí ilẹ̀kùn lábẹ́ àyà, irùngbọ̀n méjì: irú èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Pelomedusa nìyẹn. Ọmọ ilẹ̀ wa ni. Inú adágún àti kòtò omi tó máa ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn ni wọ́n ń gbé káàkiri Àríwá. Tí omi bá gbẹ, wọn a rì sínú ẹrẹ̀, wọn a dùbúlẹ̀ síbẹ̀ títí òjò yóò fi padà. Wọn kì í jẹun níbẹ̀. Inú ọyẹ́ la wà báyìí, nítorí náà kí irú rẹ̀ dẹwọ́ oúnjẹ lásìkò yìí kì í ṣe àjèjì.

Ti omi ló wá burú jù. Ahun kì í dá ooru ara rẹ̀ ṣe bíi tiwa. Bí omi bá ṣe gbóná tó ni ara rẹ̀ ṣe máa gbóná tó. Ní 19, oúnjẹ kì í dà dáadáa nínú rẹ̀. Ẹ má fi tipátipá bọ́ ọ, nítorí ẹja tí kò dà yóò rà sí i níkùn. Láàárín 24 sí 28 ni kí omi rẹ̀ wà.

Ti oòrùn: gíláàsì fèrèsé ń dá ìtànṣán UVB dúró, òun sì ni ara ahun fi ń sọ kálísíọ̀mù di egungun àti igbá. Oòrùn inú kíṣìnì yẹn mọ́lẹ̀ lójú lásán ni. Kò sì sí ibi tí ó lè gùn kó gbẹ. Ọdún méjì nínú omi láìgbẹ, ẹ bá mi wo igbá rẹ̀ bóyá ó rọ̀ tàbí ó ń rùn.

Ohun tí ẹ máa ṣe: ẹ ra dúrọ́ọ̀mù bulúù onílítà 200, kí wọ́n là á sí méjì ní gígùn. Ẹ gbé ìlàjì kan síta níbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń bà á, kí ìdajì rẹ̀ sì ní òjìji, nítorí ahun tí kò rí òjìji sá sí lè kú fún ooru. Ẹ to búlọ́ọ̀kù àti òkúta pẹlẹbẹ sí i, kó lè gùn ún jáde pátápátá. Kí omi jìn ju fífẹ̀ igbá rẹ̀ lọ, torí tó bá dojú dé nínú omi tí kò jìn, kò ní rí ààyè yí padà. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì onírin bo orí rẹ̀ nítorí ajá àti àwòdì. Lálẹ́ ọyẹ́, ẹ gbé e wọlé, tàbí kí ẹ fi pákó àti àpò bò ó.

Ti ẹlẹgbẹ́ wá: pẹ̀lú irú ìrù yẹn, akọ ni Kókó. Tí ẹ bá ra akọ, wọn yóò já ara wọn jẹ. Ẹran ni irú yìí ń jẹ, ẹnu wọn sì mú. Tí ẹ bá ra abo, kò ní jẹ́ kó sinmi, ọrùn ni yóò máa bù jẹ. Nínú odò, abo a lúwẹ̀ẹ́ lọ. Nínú báàfù, ibo ni yóò sá sí?

Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Jọs, mi ò pe ti yín nírọ́ o. Ẹ kàn ṣe nǹkan kan fún mi: ẹ gbé àwọn méjèèjì sórí òṣùwọ̀n. Kí ẹ sì jókòó tì wọ́n láti aago mẹ́sàn-án sí ọ̀sán lọ́jọ́ kan, kí ẹ wo ẹni tó wà lórí òkúta yẹn.

Fẹ́mi, Karu · 11:58 àárọ̀

Dókítà, mo fẹ́ kí ẹ là mí lóye. Ní odò kan nítòsí Ushafa, ojú ara mi ni mo fi rí ahun márùn-ún lórí igi kan ṣoṣo tó wó sómi, wọ́n to jọ bí ọmọ ilé-ìwé. Tí wọn kò bá fẹ́ràn ara wọn, kí ló kó wọn jọ síbẹ̀?

Akin, Gwarinpa · 12:07 ọ̀sán

Igi kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Oòrùn ni wọ́n tẹ̀ lé débẹ̀. Ẹni tó bá dúró sí ibùdókọ̀ ní Nyanya láago mẹ́fà àárọ̀ yóò bá igba ènìyàn níbẹ̀, kò sọ wọ́n di ẹbí. Tí igi bá pọ̀ létí odò náà, ẹ ó rí i pé wọn yóò fọ́n ká.

Dókítà Ẹranko, Zaria · 12:30 ọ̀sán

Òótọ́ ni Akin sọ, ṣùgbọ́n kí a má sọ ọ́ di pé wọn ò mọ̀ pé ara wọn wà. Lọ́dún 2010, àwọn onímọ̀ kan tẹ ìwádìí jáde lórí ìjàpá ilẹ̀ tó ní ẹsẹ̀ pupa, ti Gúúsù Amẹ́ríkà. Ìjàpá tí kò mọ bí yóò ṣe yí ọgbà kan po kó tó dé ibi oúnjẹ kọ́ ọ nígbà tó wo ìjàpá mìíràn tó ti mọ̀ ọ́n. Nítorí náà wọ́n ń wo ara wọn, wọ́n sì ń kọ́ nǹkan lára ara wọn. Àmọ́ kí ẹranko mọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lójú, kí ó sì nílò rẹ̀ kó tó lè wà láàyè pẹ̀lú ìrọ̀rùn, ọ̀tọ̀ ni méjèèjì.

Àwọn tó ń tọ́ púpọ̀ papọ̀ tí kò sí wàhálà wà. Adágún ńlá ni wọ́n ń lò, abo nìkan, gbogbo wọn ṣe déédéé ní ìwọ̀n, ibi yíyá oòrùn ju iye wọn lọ, ibi oúnjẹ náà bẹ́ẹ̀. Ìgbádùn ti ẹni tó ń wò wọ́n sì ni, kì í ṣe tiwọn.

Alhaja Sabon Gari, Kano · 2:15 ọ̀sán

Ẹ kú àpérò o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ilẹ̀ kún un, torí mo rí i pé ti odò nìkan lẹ ń sọ.

Ìjàpá ilẹ̀ ni èmi ní, ńlá tí àwọn Hausa ń pè ní kunkuru, èyí tó ní ìwo gbọọrọ lẹ́sẹ̀. Inú kọ́ńpáǹdù wa ló wà láti ìgbà ayé ọkọ mi, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ilé náà, mẹ́ta ni wọ́n: akọ méjì, abo kan. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni akọ méjèèjì, láti kékeré ni wọ́n ti jọ ń jẹ koríko. Àfi ìgbà tí wọ́n balẹ̀ àgbà, tí igbá wọn gùn tó bí ìgbọ̀nwọ́ mi. Abẹ́ ọrùn akọ ní ohun kan tó yọ síta bí ọwọ́ ọkọ́. Òun ni wọ́n fi ń gbá ara wọn. A máa ń gbọ́ ọ láti inú ilé bí ẹni ń fi òkúta lu òkúta. Ohun tí wọ́n ń wá ni kí ọ̀kan dojú èkejì dé. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù Kẹrin, a jáde lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Ẹ sì mọ bí oòrùn Kano ti rí lóṣù yẹn. Nígbà tí a fi máa dé, àbúrò ti wà ní ìdojúdé láàárín àgbàlá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mira mọ́. Oòrùn ti pa á. Ọkọ mi kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Àgbò méjì kì í mu omi nínú awo kan. Láti ìgbà yẹn, a mọ ògiri sáàárín akọ àti abo náà, torí ẹni tó kù tún kọjú sí i, ó ń gbá a kiri títí kò fi jẹun mọ́. Abo náà wá sanra lẹ́yìn tí ó dá wà. Ẹyin tó ń yé kò dáwọ́ dúró o. Abo ìjàpá lè yé láìsí akọ nítòsí, kò kàn ní pa ni, tàbí kó pa tó bá ti gba àtọ̀ tẹ́lẹ̀, torí wọ́n máa ń fi í pamọ́ sára fún ìgbà pípẹ́.

Ọmọ mi tó ni báàfù, má rà á.

Láńre, Ilọrin · 3:40 ọ̀sán

Alhaja, ẹ pẹ́ fún wa. Ṣùgbọ́n Jonathan, ìjàpá tó dàgbà jù lọ láyé, tí wọ́n ní nǹkan bí ọdún 1832 ló jáde nínú ẹyin, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń bá gbé ní St Helena. Tí ẹlẹgbẹ́ bá ń pa wọ́n, báwo ló ṣe pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ẹ tún wo Alágba, ìjàpá ààfin Ògbómọ̀ṣọ́, ọdún 344!

Dókítà Ẹranko, Zaria · 4:05 ìrọ̀lẹ́

Jonathan jẹ́ ti ìran ńlá inú erékùṣù, irú tó máa ń kó jọ jẹ koríko ní pápá tó gbòòrò. Ọgbà ilé Gómìnà ló ń gbé, kì í ṣe báàfù. Bí ìran kan ṣe ń gbé kò di òfin fún òmíràn.

Ti Alágba, ààfin ló kéde 344 nígbà tó kú lóṣù Kẹwàá ọdún 2019. Inú gbogbo wa ló dùn nígbà ayé rẹ̀, ó sì dùn wá nígbà tó lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ onímọ̀ nípa ẹranko kò gbà pé ìjàpá kan ṣoṣo lè lo iye ọdún yẹn.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Jọs · 4:20 ìrọ̀lẹ́

Bàbá mi mú mi lọ wò ó láàfin nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ẹ jẹ́ ká fi ti Alágba sílẹ̀.

Mo ti yá òṣùwọ̀n lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ẹran ládùúgbò. Lọ́la ni màá wọ̀n wọ́n.

Nọ́ọ̀sì Rónkẹ́, Kaduna · 6:30 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin ará, kò tíì sẹ́ni tó sọ ti kíṣìnì. Ìyá Ayọ̀, ẹ gbé báàfù yẹn kúrò níbẹ̀ lónìí, kò gbọdọ̀ di ọ̀la. Ahun tó dá ṣáṣá lójú lè gbé kòkòrò Salmonella nínú ìgbẹ́ rẹ̀ láìsàn, kí ó wá di ìgbẹ́ gbuuru àti ibà fún ọmọ. Ìdí nìyẹn tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ka títa ahun tí igbá rẹ̀ kò tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 léèwọ̀ lọ́dún 1975, torí àwọn ọmọdé ń fi í sẹ́nu. Ẹ má da omi rẹ̀ sínú síǹkì tí ẹ ti ń fọ àwo. Ọṣẹ ni kí Ayọ̀ fi fọwọ́, ní gbogbo ìgbà tó bá ti fọwọ́ kàn án. Kí àwọn tó kéré sí ọmọ ọdún márùn-ún má sún mọ́ ọn rárá.

Ahun méjì, ìgbẹ́ ìlọ́po méjì nínú omi kan náà. Ẹ fi ìyẹn náà kún ìṣirò yín.

Dàpọ̀, Lokoja · 8:50 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Èmi ní slider kan tó ti ń dàgbà jù fún mi, mo sì ń bọ̀ ní Abuja lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìyá Ayọ̀, ṣé kí n kó o wá fún yín lọ́fẹ̀ẹ́? Tàbí kí n kúkú tú u sílẹ̀ ní adágún Jabi.

Akin, Gwarinpa · 9:01 alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣe èyí-tàbí-tọ̀hún. Slider àti ti ilẹ̀ wa kì í ṣe ìran kan náà. Wọ́n lè kó àìsàn tí ara èkejì kò mọ̀ ran ara wọn. Tí ẹ bá sì tú u sómi, yóò máa bá àwọn ti ilẹ̀ wa du oúnjẹ àti ibi yíyá oòrùn. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni wọ́n ti ń bá ìyà irú èyí yí. Ẹ kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀. Mo ní àyè gíláàsì kejì tó ṣófo. Oṣù mẹ́ta ni yóò kọ́kọ́ lò lọ́tọ̀, títí láé náà ni yóò sì wà lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n yóò rí gílóòbù àti oúnjẹ.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Jọs · Àìkú, 1:15 ọ̀sán

Mo ṣe ohun tí Dókítà ní kí n ṣe.

Ńlá jẹ́ kílò 2.1. Kékeré jẹ́ gíráàmù 850. Ọjọ́ kan náà ni mo ra wọ́n, ọgba ni wọ́n nígbà náà, mo ní fọ́tò rẹ̀. Mo ti ń sọ fún ara mi pé bóyá ọ̀kan jẹ́ irú tí kì í tóbi ni.

Mo gbé àga, mo jókòó láti aago mẹ́sàn-án di ọ̀sán. Ńlá gun òkúta láago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀. Kékeré yọ orí lẹ́ẹ̀mẹfà. Lẹ́ẹ̀mejì ó gbé ọwọ́ lé etí òkúta. Ńlá kò bù ú jẹ, kò tilẹ̀ lù ú. Ó kàn na ọrùn síhà ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì ya ẹnu. Kékeré padà sínú omi. Mo tún wo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tí mo gbé e sórí òṣùwọ̀n: àpá mẹ́ta, méjì ti jinná, ọ̀kan jẹ́ tuntun.

Àbúrò Akin, mo bẹ̀ ọ́, má bínú sí ohun tí mo sọ lánàá. Dókítà, ṣé kí n mọ ògiri sáàárín tánkì náà, àbí kí n wá ilé fún ọ̀kan?

Dókítà Ẹranko, Zaria · 2:00 ọ̀sán

Ẹ ṣé tí ẹ jókòó wò ó, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe é. Ìjà ahun kì í pariwo. Ẹni tó gba oòrùn àti oúnjẹ ló ti borí, kò nílò kó ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.

Tánkì tó gùn tó yẹn, ògiri tó. Kí ó ga ju ojú omi lọ dáadáa, kí wọ́n má lè rí ara wọn láti inú omi. Òkúta méjì, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Lọ èèpo ẹyin tàbí ìkarahun ìgbín kúnná, kí o fi sí ẹja tí kékeré ń jẹ, ara rẹ̀ ti jẹ gbèsè kálísíọ̀mù. Jọs tutù ju ọ̀dọ̀ tiwa lọ, ẹ wọn omi náà láàárọ̀.

Ìyá Ayọ̀, Kúbwà · Ọjọ́rú, 8:20 alẹ́, ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn náà

Ẹ kú àtijọ́ o, gbogbo ilé.

A lọ sí Dẹ́ì-Dẹ́ì lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e. Owó kóló Ayọ̀ ra ìlàjì dúrọ́ọ̀mù, mo fi díẹ̀ lé e fún nẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yìn ilé ló wà báyìí, lápá ibi tí oòrùn àárọ̀ ń là sí. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, Kókó há abẹ́ òkúta, Ayọ̀ sì ń wò mí bí ẹni tó pa á. Lọ́jọ́ kẹrin ó gun òkè, ó na ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì sẹ́yìn gbọọrọ, ó ya ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. A ò rí i kó ṣe bẹ́ẹ̀ rí láti ọdún méjì. Lọ́jọ́ keje ó gba edé lọ́wọ́ ọmọ mi, ó tún padà wá gba òmíràn. Omi jẹ́ 25 lọ́sàn-án. Kò ha ara ike náà mọ́.

Nǹkan kan ló kù tí mo fẹ́ bi yín. Lójú ọ̀nà, Ayọ̀ rí ẹni tó ń ta èkejì yẹn. Méje ni wọ́n nínú garawa kan, orí ara wọn ni wọ́n wà. Ó ní ká rà wọ́n, ká lọ tú wọn sílẹ̀ lódò. Mo ní ká kọjá. Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi délé, èmi náà ò sì sùn dáadáa.

Dókítà Ẹranko, Zaria · 9:05 alẹ́

Ìyá Ayọ̀, ohun tó tọ́ lẹ ṣe, bó tilẹ̀ dunni. Garawa tó bá tètè tán ni yóò rán ẹni tó ń tà wọ́n padà sódò lọ kó méje mìíràn. Ẹ jẹ́ kí Ayọ̀ mọ̀ pé inú tó bí i yẹn, inú tó yẹ kó bíni ni. Tó bá wù ú, kí ó máa kọ ìwọ̀n Kókó sínú ìwé yẹn lóṣooṣù, kó máa fi ránṣẹ́ sí mi. Màá máa ka gbogbo rẹ̀.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Jọs · 9:40 alẹ́

Ìyá Ayọ̀, ẹ bá mi kí ọmọ yín.

Bíríkìlà parí ògiri náà lọ́jọ́ Ẹtì, a jẹ́ kó gbẹ, a fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí oró sìmẹ́ǹtì lè jáde, a wá kó wọn padà láàárọ̀ yìí. Mo gbé àga mi jókòó. Ńlá lọ sí orí òkúta rẹ̀, bí ìṣe rẹ̀. Kékeré yí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ po fún bíi wákàtí kan, ó ń yọ orí, ó ń wò. Láago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀, ó gun òkúta rẹ̀. Kò sọ̀ kalẹ̀ títí di aago kan ọ̀sán.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi rò pé kò fẹ́ràn oòrùn.